Àwòrán tó ń rìn lórí site: bí a ṣe ń ṣe é tí kò fi ní jẹ méga àwọn ará ilé tán

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí dá lórí àwọn àwòrán tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àmì tó ń yí bírí, òdòdó tó ń là, ọwọ́ tó ń jù sókè sódò, ọkọ̀ tó ń sáré kọjá lójú ìwé. Àwọn tó kọ́ Faransé ń pè é ní animation. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí i, àwọn ọ̀dọ́ kan sì fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ nìyí. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kájú, ilé-ìwé, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Cotonou tàbí lókè òkun, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ní site tiwọn báyìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é fún wọn, ohun tó ń rìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi fà wọ́n mọ́ra. Ó dùn ún wò, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó rẹ̀? Ẹgbẹ́ tó ní site nìkan kọ́ o. Gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ìwé yẹn lórí tẹlifóònù rẹ̀ ló ń san án, láti inú méga tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ọ̀rọ̀ méga kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2018. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba fi àṣẹ síta pé kí a máa san 5 FCFA lórí méga kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Igbe ta káàkiri, àwọn ènìyàn ń kọ ọ́ síbi gbogbo pé «Taxe pas mes Mo». Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ìjọba fagi lé e. Bí a bá lè pariwo tó bẹ́ẹ̀ nítorí 5 FCFA lórí méga kan, kò yẹ kí àwa fúnra wa tún máa fi òdòdó tó ń yí bírí jẹ méga mẹ́rin mẹ́rin lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí: àwòrán tó ń rìn dára bí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń wò ó, tí kò sì wúwo. Èyí tí kò bá ṣe iṣẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́.

KÍ LÓ Ń MÚ KÍ ÀWÒRÁN RÌN?

Ká sọ òótọ́, àwòrán kankan kì í rìn. Ojú wa ló ń tàn wá. Bí ẹnì kan bá ya ọwọ́ kan sísàlẹ̀, tó ya òmíràn tí ọwọ́ náà gòkè díẹ̀, tó tún ya ẹ̀kẹta tó gòkè sí i, tó wá ń ṣí wọn kíákíá lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú yóò rò pé ọwọ́ náà ń gòkè. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń fi etí cahier wọn ṣe é. Fíìmù sinimá ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 12 ti tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí àwòrán márùn-ún péré yóò ṣe láṣeyọrí, a máa rí àpẹẹrẹ rẹ̀ níwájú.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí Áfíríkà. Ní Niger tó bá wa pààlà, Moustapha Alassane ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya fíìmù kékeré kan tí ó pè ní «Bon voyage Sim» ní 1966. Ìtàn ọ̀pọ̀lọ́ kan tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, tó rin ìrìn àjò lọ kí olórí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ni. Kò sí ordinateur níbẹ̀ rárá. Ó ń ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ni.

Kí wá ni logiciel ń bá wa ṣe? Ó ń gbà wá lọ́wọ́ wàhálà yíyà gbogbo rẹ̀. Ẹ ya bí nǹkan ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ya bí yóò ṣe rí ní ìparí, ẹ sọ iye àkókò tó wà láàárín méjèèjì, logiciel yóò sì ya àwọn tó kù fúnra rẹ̀. Ó tún ń bá yín tọ́jú àwọ̀, ohùn àti ìtò wọn, lẹ́yìn náà yóò sọ gbogbo rẹ̀ di fichier kan tí ẹ lè gbé sórí site.

ÌTÀN FLASH: ILÉ TÍ A KỌ́ SÓRÍ ILẸ̀ ONÍLẸ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan tó ń rìn sórí site lónìí, ó yẹ kó gbọ́ ìtàn Flash ná.

Ní 1996, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ FutureWave Software gbé logiciel kan jáde tí wọ́n pè ní FutureSplash Animator. Jonathan Gay ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Kò pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Macromedia fi rà á, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Flash. Ní 2005, Adobe ra Macromedia, Flash náà sì bọ́ sí ọwọ́ Adobe. Láyé ìgbà yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá rí tó ń rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà ṣe eré ọmọdé, ìbáà ṣe ìpolówó ọjà, Flash ló sábà máa ń jẹ́. Kódà nígbà tí YouTube bẹ̀rẹ̀ ní 2005, Flash ló fi ń fi fídíò han àwọn ènìyàn.

Ṣùgbọ́n Flash ní àbùkù. Navigateur kò lè dá a ṣí. Ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi Flash Player kún ẹ̀rọ rẹ̀. Ó tún ń jẹ bátìrì, àwọn olè orí ẹ̀rọ sì mọ ihò tí wọ́n ń gbà wọlé lára rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni: ọjọ́ tí onílẹ̀ bá ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ òun, kò sí ohun tí ayálégbé lè ṣe.

Nígbà tí iPhone jáde ní 2007, kò gba Flash rárá. Ní oṣù Kẹrin 2010, Steve Jobs tó jẹ́ olórí Apple kọ lẹ́tà gbangba láti sọ ìdí tí òun kò fi ní gbà á. Ní oṣù Keje 2017, Adobe fúnra rẹ̀ kéde pé Flash Player yóò dópin nígbà tí ọdún 2020 bá parí. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n pa á tì. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2021, Flash Player kọ̀ láti ṣí ohunkóhun mọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn site tí wọ́n fi Flash nìkan kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ di ojú ìwé òfìfo. Ọ̀rọ̀, àwòrán, ohùn, gbogbo rẹ̀ sé mọ́ inú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. Àwọn tó tọ́jú iṣẹ́ àkọ́ṣe wọn, ìyẹn fichier tí wọ́n fi ya á gan-an, lè tún un ṣe. Logiciel tí wọ́n fi ń ṣe Flash ti gba orúkọ tuntun ní 2016, ó di Adobe Animate, ó sì lè gbé iṣẹ́ jáde ní ọ̀nà tí gbogbo navigateur ń kà. Àwọn kan tún ṣe ohun kan tí wọ́n pè ní Ruffle, tó lè ṣí púpọ̀ nínú àwọn Flash àtijọ́. Internet Archive ní Amẹ́ríkà ti ń lò ó láti 2020 láti fi tọ́jú àwọn iṣẹ́ ayé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò ní ẹ̀dà kankan, tirẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Lẹ́yìn Flash, ohun tó wà báyìí jẹ́ ti gbogbo ayé, kò nílò àfikún kankan lórí tẹlifóònù, ó sì fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n.

ORÍṢI MẸ́RIN TÓ WÀ LÓNÌÍ

GIF. Òun ni àgbà wọn. Ilé-iṣẹ́ CompuServe ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1987. Ní 1989 wọ́n tún un ṣe kó lè mọ iye àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan yóò lò. Ní 1995, navigateur Netscape kọ́ ọ bí yóò ṣe máa yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìdúró. Kò sí ẹ̀rọ tí kì í ṣí GIF. Ṣùgbọ́n àwọ̀ 256 péré ló lè gbà nínú àwòrán kan, kò sì mọ bí a ṣe ń fún fọ́tò tàbí fídíò pọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá fi fọ́tò tàbí fídíò ṣe GIF, yóò wúwo bí àpò àgbàdo tútù. Àwòrán onílà díẹ̀, aláwọ̀ díẹ̀, ni GIF yẹ fún.

Fídíò MP4. Fún ohun tí a fi kámẹ́rà yà, fídíò kékeré tí kò ní ohùn fúyẹ́ ju GIF lọ dáadáa. Ìdí ni pé ó ń tọ́jú kìkì ohun tó yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, ó sì mọ bí a ṣe ń fún un pọ̀. Ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí ẹ ń pè ní GIF, fídíò kékeré bẹ́ẹ̀ ni.

SVG pẹ̀lú CSS. Èyí ni a fẹ́ràn jù fún site abúlé. Àjọ W3C, tó ń ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí SVG ní 2001. Kì í tọ́jú àmì àwọ̀ kọ̀ọ̀kan bíi fọ́tò. Àṣẹ ló ń kọ sílẹ̀: fa ìlà láti ibí dé ọ̀hún, kun àyíká yìí ní pupa. CSS yóò wá sọ fún un pé: sún sọ́tùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Tẹlifóònù ẹni tó ń wò ó ni yóò ṣe iṣẹ́ yíyà náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, fichier rẹ̀ lè kéré gan-an, kilo díẹ̀ péré. Ẹ lè fẹ̀ ẹ́ bó ti wù yín, kò ní ṣú.

Lottie. Ilé-iṣẹ́ Airbnb gbé e jáde ní 2017. Wọ́n fi orúkọ Lotte Reiniger sọ ọ́, obìnrin ará Jámánì kan tó ń fi bébà tí a gé ṣe fíìmù, tí fíìmù ńlá rẹ̀ jáde ní 1926. Lottie ń gba iṣẹ́ tí a fi logiciel After Effects ṣe, ó sì ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àṣẹ bíi ti SVG. Ó dára fún iṣẹ́ tó díjú. Ṣùgbọ́n site gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń kà á dání, ẹ̀rọ yẹn náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì kékeré kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó máa rìn, ẹ má gbà á: ó dà bí ẹni tó háyà ọkọ̀ akẹ́rù láti gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan lọ sọ́jà.

LOGICIEL WO LẸ LÈ LÒ?

Àwọn tí a ń sanwó fún wà, bíi Adobe Animate àti After Effects, owó oṣooṣù ni. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò wọn. Ọ̀fẹ́ ni àwọn wọ̀nyí:

– GIMP: ó ń tún fọ́tò àti àwòrán ṣe, ó sì lè kó àwòrán mélòó kan pọ̀ di GIF.
– Inkscape: fún yíya SVG. Kì í mú un rìn, CSS ni yóò ṣe ìyẹn.
– Pencil2D: ó rọrùn, ó yẹ ọmọ ilé-ìwé tó fẹ́ fi ọwọ́ yà á lọ́kọ̀ọ̀kan.
– Krita: àwọn ayàwòrán ló ni ín, láti 2016 ló ti gba àwòrán tó ń rìn.
– Synfig Studio: òun ló ń ya àárín fún yín bí ẹ bá ti fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí.
– OpenToonz: Studio Ghibli ní Jàpáànì ń lo irú rẹ̀ fún fíìmù wọn. Ọ̀fẹ́ ló di ní 2016.
– Blender: ó tóbi, ó sì gba ordinateur tó lágbára.

Ẹni tí kò ní ordinateur lè fi FlipaClip tàbí Canva bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifóònù Android.

Ẹ gbọ́ àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Àwọn logiciel méje tí a kọ sókè yìí, òfin wọn gbà kí ẹ dà wọ́n kọ fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe olè. Kí ẹnì kan gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbi tí connexion ti dára, kó fi clé USB pín in fún gbogbo ẹgbẹ́. Méga ènìyàn mẹ́wàá ti di ti ẹnì kan.

Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ gidi, kó mọ̀ pé ọ̀nà ti ń là nílé: Sèmè City ní Bẹ̀nẹ̀ ti bá ilé-ẹ̀kọ́ Gobelins ti Paris dá ẹ̀kọ́ fíìmù aláwòrán sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà.

ÀPẸẸRẸ: GÀRÍ SAVALOU NÍ ÀWÒRÁN MÁRÙN-ÚN

Gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ló mọ gàrí sohoui ti Savalou. Ká ní ẹgbẹ́ obìnrin kan fẹ́ fi han oníbàárà tó wà ní Cotonou bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ gígùn lè sú u. Fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò jẹ méga rẹ̀. Níbí gan-an ni àwòrán tó ń rìn ti wúlò, torí pé iṣẹ́ gàrí jẹ́ iṣẹ́ tó ń tẹ̀lé ara wọn:

1. Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́.
2. Wọ́n ń rin ín.
3. Wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n ń fún omi rẹ̀.
4. Wọ́n ń fi asẹ́ jọ̀ ọ́.
5. Wọ́n ń yan án nínú agbada.

Ẹ ya márààrún sórí bébà funfun, kí ìlà rẹ̀ dúdú dáadáa, kí àwọ̀ rẹ̀ má ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ẹ yà wọ́n ní fọ́tò lójú ọ̀sán, láti ojú kan náà. Ẹ ṣí wọn pọ̀ nínú GIMP, níbi tí a kọ «Ouvrir en tant que calques» sí. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni yóò kọ́kọ́ hàn, nítorí náà ẹ tò wọ́n dáadáa. Ẹ dín fífẹ̀ wọn kù sí 600 pixel, ìyẹn ti tó fún ojú tẹlifóònù. Ẹ sọ àwọ̀ wọn di 16 péré níbi tí a kọ «Couleurs indexées» sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde ní GIF, ẹ fi àmì sí «En tant qu'animation», ẹ sì kọ 2000 sí ibi tí ó ti ń béèrè àkókò. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú àáyá méjì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí a fi ní márùn-ún ti tó? Ẹ bá wa kà á. Àwòrán tó fẹ̀ ní 600, tó ga ní 400, ní àmì 240.000 nínú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ní àwòrán 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ àwòrán 120, ìyẹn àmì 28.800.000. Àwòrán márùn-ún jẹ́ 1.200.000 péré. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà, iṣẹ́ fi ìlọ́po 24 dín kù. Irú GIF bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti mú wà lábẹ́ 200 kilo.

Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ sínú àwòrán náà o. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lábẹ́, àwòrán kan ṣoṣo yóò ṣiṣẹ́ fún Yorùbá, fún Ìcà, fún Ifẹ̀, fún Maxi àti fún Faransé. Ọ̀rọ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà wa kò sì ní ṣú. Nínú GIF kékeré, «ọkọ́» àti «ọkọ̀» lè jọra tán, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkọ́ wọlé sí Cotonou. Google náà kì í sábà ka ọ̀rọ̀ tó wà nínú àwòrán bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ gidi, nítorí náà ẹni tó ń wá gàrí yín lè má rí yín.

Ó ku ohun kan. Ẹ má jẹ́ kí GIF náà ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ fi àwòrán kan tó dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, kí ẹ kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: «Ẹ tẹ ibí láti wo bí a ṣe ń ṣe é, 150 kilo ni», tàbí iyekíye tó bá jẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó yóò wò ó, ẹni tí méga rẹ̀ ti fẹ́ tán yóò kọjá lọ ní tirẹ̀.

BÍ A ṢE Ń WỌN MÉGA

Méga kan jẹ́ kilo 1.000. Ká ní ìyá kan ní Gouka ní méga 100 lórí tẹlifóònù rẹ̀. Bí ojú ìwé yín bá wúwo ní méga 4, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré ni yóò lè ṣí irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kilo 200, ìgbà 500 ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àkókò náà ń bẹ. Níbi tí connexion kò ti dára, ká sọ pé mégabit kan ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú ìwé méga 4 yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 32 kó tó ṣí tán. Ti kilo 200 kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ta ló fẹ́ dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú kó tó mọ iye tí kájú ń lọ lọ́jà?

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe site fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó fi ordinateur rẹ̀ nìkan hàn yín pé ó dára. Ẹ ní kó fi tẹlifóònù olówó pọ́ọ́kú ṣí i, lábúlé, láìsí Wi-Fi. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

OHUN TÓ LÈ PA ÈNÌYÀN LÁRA

Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1997 ni nǹkan ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Jàpáànì. Àwọn ọmọdé ń wo Pokémon lórí tẹlifísọ̀n. Àwòrán kan wá ń ṣẹ́jú pupa àti búlúù kíákíá. Àwọn ọmọ tó ju 600 lọ ni wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn. Gìrì mú àwọn mìíràn nínú wọn. Àwọn ènìyàn kan wà tí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú kíákíá lè ṣí wárápá wọn, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára wọn.

Nítorí èyí, W3C ṣe òfin kan: ohunkóhun lórí site kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú ju ìgbà mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin kejì: ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn fúnra rẹ̀, tó sì ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, gbọ́dọ̀ ní ibi tí a lè tẹ̀ láti dá a dúró. Tẹlifóònù náà ní ètò tí ènìyàn lè fi sọ pé òun kò fẹ́ ohun tó ń rìn. Ẹni tó ń ṣe site lè kọ CSS tó máa gbọ́ràn sí i, orúkọ rẹ̀ ni prefers-reduced-motion.

Ọ̀rọ̀ tó ń sáré kọjá lójú ìwé náà kò dára. Àgbàlagbà tó ń ka Yorùbá pẹ̀lú jígí lójú, tó ń wá àmì ohùn, kò lè máa sáré tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró. Bí ìròyìn pàtàkì bá wà, bíi pé ọjọ́ ìpàdé ti yí padà, àmì kékeré kan lè mì lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì dákẹ́. Ìyẹn ti tó láti pe ojú.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ iṣẹ́ náà kí ẹ tó lè bi ẹni tó ń ṣe é ní ìbéèrè wọ̀nyí:

– Kí ni iṣẹ́ àwòrán tó ń rìn yìí? Bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni ẹni tó ń wò ó yóò pàdánù? Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ yọ ọ́.
– Kilo mélòó ni ojú ìwé yìí lápapọ̀?
– Ṣé ó ń ṣí lórí tẹlifóònù àtijọ́, láìfi nǹkan kan kún un?
– Ṣé ènìyàn lè dá a dúró?
– Ṣé ọ̀rọ̀ wà nínú àwòrán ni àbí lábẹ́ rẹ̀?
– Níbo ni iṣẹ́ àkọ́ṣe wà?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ló ṣe kókó jù. GIF tó ti jáde tán dà bí ọbẹ̀ tó ti jinná. Ẹ kò lè yọ iyọ̀ rẹ̀ mọ́. Fichier tí wọ́n fi ya á nínú GIMP, Synfig tàbí Animate ni ẹ lè tún ṣe. Ẹ gba ẹ̀dà rẹ̀, pẹ̀lú bébà tí wọ́n kọ́kọ́ yà á sí. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ìkejì wà níbòmíràn. Ẹ kọ orúkọ site àti mot de passe rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ ìlú tó ṣe é lè lọ Cotonou, ó lè lọ òkun, ó sì lè má ráyè mọ́. Kò gbọ́dọ̀ kó ìtàn ìlú lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ti délẹ̀ o. Nígbà tí ọdún iṣu bá tún dé ní Savalou lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ẹ lè fi àwòrán mẹ́rin han bí iṣu ṣe ń kúrò ní ebè dé inú odó. Nígbà ọjà kájú ní Bantè, ẹ lè fi mẹ́ta han àgbẹ̀ bí a ṣe ń sá kájú kó gbẹ kó tó wọ àpò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bébà àti bírò. Ẹ ka àwòrán yín, ẹ ka kilo yín. Ìyá tó bá ṣí i ní Pira, tí ó rí i kíákíá, tí ó yé e, tí méga rẹ̀ sì ṣì kù láti fi pe ọmọ rẹ̀, òun ni ẹ ṣiṣẹ́ fún.